Ìtanràn Tí Ọjà Ń Gbà Lọ́wọ́ Ẹni Tó Kéde Àrùn

Ní gúúsù orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl, ní agbègbè Kolda, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Diaobé. Ọjọ́rú ni wọ́n ń ná ọjà ibẹ̀, ó sì wà lára àwọn ọjà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí òkìkí wọn kàn jù ní apá ibẹ̀. Láti Gínì ni wọ́n ti ń gbé epo pupa, kọfí, ata àti oyin wá. Àwọn ará Gáḿbíà, Málì àti Gínì-Bìsáù náà a sì máa wá, kálukú pẹ̀lú ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mú jáde. Ẹni tó bá ti ná ọjà ńlá rí nílẹ̀ Yorùbá mọ bí irú ibẹ̀ ṣe ń rí. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ń rà, wọ́n ń tà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń san gbèsè ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ọjà àwìn ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ibẹ̀ náà sì ni ará abúlé ti ń gbọ́ iye tí nǹkan ń lọ ní ìlú ńlá. Ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola ń jà ní Gínì, ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl ti ọjà Diaobé pa, nígbà tó sì di ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà, ó kéde pé òun ti ẹnubodè orí ilẹ̀ tó wà láàárín òun àti Gínì.

Ìkéde yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tó wà lórí òkè Fouta Djallon ní Gínì, ní àyíká Labé àti Timbi Madina. Pòtétò ni wọ́n ń gbìn, ó sì ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò Sẹ̀nẹ̀gàl ti ń wá kó o lọ́dọ̀ wọn. Pòtétò kì í ṣe àgbàdo gbígbẹ tí ènìyàn lè dà sínú àká kí ó máa retí ọjà. Bí kò bá sí ilé tútù tí wọ́n lè kó o sí, kò ní pẹ́ tí yóò fi hù, tí yóò rọ̀, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti abẹ́ òkìtì wá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, pòtétò tí Gínì tà sí Sẹ̀nẹ̀gàl fi ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 dín sí ti oṣù Kẹjọ ọdún tó ṣáájú. Bẹ́ẹ̀ Ebola kì í gbé inú pòtétò. Ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ẹni tó ń ṣàìsàn, tàbí ti òkú ẹni tí àrùn náà pa, ni ó fi ń ran ẹlòmíràn, kò sì sí ohun tó ní kí àgbẹ̀ fara kan oníbàárà rẹ̀ kí ó tó lè ta àpò pòtétò kan fún un.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí mo sì já a sí nìyí: nínú gbogbo àdánù tí àjàkálẹ̀-àrùn ń mú bá òwò àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, díẹ̀ ni ó ti ọwọ́ àrùn fúnra rẹ̀ wá. Èyí tó pọ̀ jù ń ti ọwọ́ àwọn tó ń bẹ̀rù àrùn náà wá, àwọn tí wọ́n jókòó sí ibi tó jìnnà, tí wọn kò sì ní í san kọ́bọ̀ nínú ohun tí ìpinnu wọn bá bàjẹ́. Èyí tó wá ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé orílẹ̀-èdè tó bá tètè sọ òótọ́ fún aráyé ni ìyà náà kọ́kọ́ ń jẹ, tí àwọn yòókù sì ń wò ó, tí wọ́n ń fi í kọ́gbọ́n.

Bí òwò ṣe ń kú ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ yẹ kí a wò dáadáa, nítorí pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló ń pa á. Ní ọdún 2014, èbúté Monrovia ní Làìbéríà àti ti Freetown ní Siẹra Léònè, níbi tí Ebola náà ti ń jà, kò tì. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kò fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, àwọn oníbánigbófò ń béèrè owó tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ọ̀gá ọkọ̀ sì ń bẹ̀rù pé èbúté tó kàn lè má gba àwọn bí wọ́n bá gbọ́ ibi tí àwọn ti ń bọ̀. Ọkọ̀ òfuurufú ni ó burú jù. British Airways, Kenya Airways, ASKY àti Arik Air dá ìrìn àjò wọn sí Làìbéríà àti Siẹra Léònè dúró, Air France náà sì fi Freetown sílẹ̀. Ó ku Brussels Airlines àti Royal Air Maroc, tí mo rò pé ó yẹ kí a máa rántí wọn sí rere. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún náà gan-an, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti di pàjáwìrì tó kan gbogbo ayé, àjọ náà sọ ọ́ ketekete pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka òwò tàbí ìrìn àjò léèwọ̀ ní gbogbogbòò. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ìkéde náà, tí wọn kò gbọ́ ìmọ̀ràn tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa àwọn tí mo ń dá lẹ́bi yìí. Bí a bá mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣòro láti sọ pé ìkà ni wọ́n. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń ro ti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ẹgbẹ́ wọn ń halẹ̀ pé àwọn kò ní fò. Oníbánigbófò ń ro ti owó tí yóò san bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Báńkì tó wà ní òkèèrè, tó yẹ kó ṣe onídùúró fún oníṣòwò kan ní Freetown kí wọ́n lè kó ìrẹsì ránṣẹ́ sí i, ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá oníṣòwò náà yóò ṣì wà ní ẹnu òwò lóṣù mẹ́ta sí i. Ìṣọ́ra kálukú wọn ló para pọ̀ di okùn tó ń fún orílẹ̀-èdè kan lọ́rùn, ẹni tí okùn náà sì wà lọ́rùn rẹ̀ kò rí ẹnì kan pàtó tí yóò bẹ̀ kí ó tú u.

Irin tútù tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ni Siẹra Léònè fi ń pa owó òkèèrè tó pọ̀ jù nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ London Mining tó ń wa ti Marampa wọko gbèsè ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014. African Minerals tó ń wa ti Tonkolili dá iṣẹ́ dúró kí ọdún náà tó parí. Kì í ṣe Ebola nìkan ló fà á, torí pé iye tí wọ́n ń ra irin ní ọjà àgbáyé ti já wálẹ̀ tó bí ìdajì láàárín ọdún kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí iye owó bá ń já, tí ilé-iṣẹ́ ń wá ẹni tí yóò yá a lówó, ta ni yóò yá ilé-iṣẹ́ tó wà ní ibi tí gbogbo ayé ń sá fún lówó? Ní Làìbéríà, àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń bá ArcelorMittal fẹ iṣẹ́ irin lójú kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní oṣù Kẹjọ, iṣẹ́ náà sì dúró. Ní ọdún 2015, ọrọ̀ ajé Siẹra Léònè sún kì tó bí ìdá kan nínú márùn-ún. Báńkì Àgbáyé fi ojú bu ohun tí orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àrùn náà jà jù, Gínì, Làìbéríà àti Siẹra Léònè, pàdánù nínú ọdún yẹn sí bí 2.2 bílíọ̀nù dọ́là.

Ìbẹ̀rù a tún máa dé ibi tí àrùn kò dé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó Ebola ní Côte d'Ivoire ní àkókò náà, ṣùgbọ́n nítorí pé orílẹ̀-èdè yẹn ló ń pèsè bí ìdá 40 nínú 100 kòkó gbogbo ayé, tó sì pààlà pẹ̀lú Làìbéríà àti Gínì, iye kòkó ní ọjà London àti New York fò sókè ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 dé ibi tí kò tíì dé láti ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta. Gáḿbíà náà kò rí àrùn yìí rárá. Síbẹ̀ àwọn òyìnbó tó máa ń wá gbafẹ́ létí òkun rẹ̀ nígbà òtútù wọn kò wá, nítorí pé lójú ẹni tó ń wo máàpù láti Yúróòpù, Áfíríkà kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, a mọ ìtàn tiwa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn náà wọ Èkó láti Làìbéríà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò gbà kí wọ́n mú un jáde nílé ìwòsàn, ìdúróṣinṣin yẹn ló sì gba ìlú là. Àrùn náà pa òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ènìyàn 20 ló kó o, ènìyàn mẹ́jọ ló kú, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Gbogbo ayé yìn wá. Ṣùgbọ́n kí ìyìn náà tó dé, Kamẹrúùnù ti ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ wa ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, Ṣáàdì tẹ̀ lé e, Gáḿbíà sì ní ọkọ̀ òfuurufú tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá kò gbọdọ̀ balẹ̀ sọ́dọ̀ òun. Orílẹ̀-èdè tó rí àrùn náà mú, tó ṣí i payá, tó sì tọpa gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, òun ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí mi ń ta léèsì àti gèlè ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà. Oníbàárà rẹ̀ pọ̀ láàárín àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti Douala, tí wọ́n ń gba ọ̀nà Ìkọ́m wọlé tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi láti Calabar. Kì í ṣe báńkì ló wà láàárín wọn. Ìwé kan ló ní, tí èèpo rẹ̀ ti já, níbi tó ti ń kọ orúkọ ẹni tó kó ọjà, iye tó san, iye tó kù, tí yóò sì fa ìlà sí i bí onítọ̀hún bá san án tán nígbà tó bá tún padà wá. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń san gbèsè nítorí pé wọ́n fẹ́ kó ọjà mìíràn ni. Bí ọ̀nà bá dí, ìdí tí wọ́n fi ń san án dí pẹ̀lú rẹ̀. Mo kí i nígbà kan pé, "Àǹtí, ẹ kú ọjà o, ṣé àwọn ará Douala ti ń wá?" Ó ní, "Ọmọ mi, wọ́n pè mí. Wọ́n ní kí n má bínú, wọ́n ní ọkọ àwọn ní kí àwọn má tilẹ̀ gba ẹrù tó bá ti Èkó wá sílé." Ó ṣí ìwé náà hàn mí. Ìlà kankan kò sí lójú ewé tó kẹ́yìn. Alájọ ń bọ̀ láràárọ̀, onílé ṣọ́ọ̀bù ń retí owó ọdún, aṣọ sì wà lórí pẹpẹ láìsí ohun tó ṣe é. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, àwọn kan nínú wọn ti bá ẹlòmíràn ṣòwò lọ sí ibòmíràn, gbèsè wọn sì wà nínú ìwé títí di òní.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ṣọ́ra fún iye owó tí àwọn àjọ ńlá ń kéde. Irú òwò àǹtí mi kò sí nínú ìwé àwọn aṣọ́bodè, nítorí náà kò sí nínú ohun tí ẹnikẹ́ni kà pé ó sọnù.

Irú ìyà yìí ti pẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 1991, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní etíkun Pérù, ní Chancay àti Chimbote, lẹ́yìn bí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọn kò ti gbúròó rẹ̀ ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ènìyàn tó lé ní 300,000 ni àrùn náà mú ní Pérù lọ́dún yẹn, àwọn tó kú sì tó bí 3,000. Ẹja wà lára ohun pàtàkì tí orílẹ̀-èdè náà ń tà sí òkèèrè, kò sì pẹ́ tí àwọn olùrà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́; iye tí wọ́n sábà máa ń sọ pé Pérù pàdánù lórí ẹja àti ohun inú òkun tó bí 770 mílíọ̀nù dọ́là. Ààrẹ Alberto Fujimori jẹ ceviche, ìyẹn ẹja tútù tí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pò láìsè, níwájú àwọn akọ̀ròyìn, kí aráyé lè rí i pé kò sí ewu. Mínísítà ètò ìlera rẹ̀, Carlos Vidal, tó ti ń kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú pé kí wọ́n má jẹ ẹja tútù, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Mínísítà ni mo gbè sẹ́yìn, nítorí pé ẹja tí wọ́n kó létí òkun tí ẹ̀gbin ìlú ń ṣàn sí, tí wọn kò sì sè, léwu ní tòótọ́ fún ará Pérù tó ń jẹ ẹ́. Síbẹ̀, ohun tó sún ààrẹ dé ibẹ̀ yé mi. Àwọn olùrà ní òkèèrè kò ya ẹja tútù etíkun sọ́tọ̀ kúrò lára ẹja inú agolo tí iná ti pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọjà bá kọ̀ láti fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun tó léwu àti ohun tí kò léwu, yóò sún olórí láti máa sọ pé kò sí èyí tó léwu rárá, ẹni tí irọ́ yẹn yóò sì pa ni tálákà tó wà nílé.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó kan Adágún Victoria. Òjò ńlá rọ̀ ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ìparí ọdún 1997, onígbáméjì sì tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kejìlá, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní òun kò ra ẹja tútù mọ́ láti Kẹ́ńyà, Ùgáńdà, Tàǹsáníà àti Mòsáḿbíìkì, ìfòfindè náà sì wà títí di àárín ọdún 1998. Ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Nile perch ni ilé-iṣẹ́ ń gé, tí wọ́n ń kó sínú yìnyín, tí ọkọ̀ òfuurufú sì ń gbé lọ sí Yúróòpù, níbi tí wọn yóò ti sè é kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Iná ń pa kòkòrò onígbáméjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nígbà náà pé ewu pé oúnjẹ tí wọ́n ń tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn yóò kó àrùn náà lọ kéré, àti pé ọ̀nà mìíràn wà láti bójú tó o yàtọ̀ sí kí wọ́n ka ọjà léèwọ̀. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kékeré dẹ àwọ̀n ní Kisumu tàbí ní Mwanza kò mọ ẹni tó ṣe òfin náà. Ohun tó mọ̀ ni pé ilé-iṣẹ́ ní òun kò ra ẹja mọ́, tàbí pé òun yóò rà á ní iye tí kò tó owó epo ọkọ̀.

Ó yẹ kí òfin gba irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òfin náà sì wà. Ní ọdún 1851, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè 12 pàdé ní Paris láti jíròrò lórí onígbáméjì, àjàkálẹ̀-àrùn dúdú àti ibà pọ́njú, ara ohun tó kó wọn jọ ni pé sísé ọkọ̀ mọ́ sí èbúté ti ń ba òwò wọn jẹ́. Nínú Òfin Ìlera Àgbáyé tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2005, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007, ohun tí wọ́n kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni pé kí ìdáàbòbò má ṣe ju ewu lọ, kí ó má sì dí òwò àti ìrìn àjò lọ́wọ́ láìnídìí. Ìpín 43 nínú rẹ̀ sọ pé orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ ṣe ju ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn lọ gbọ́dọ̀ fi ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbè é lẹ́sẹ̀, kí ó sì jíṣẹ́ rẹ̀ fún àjọ náà láàárín wákàtí 48. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ìjìyà. Ẹni tó rú u kò san ohunkóhun, ẹni tí wọ́n rú u sí kò gba ohunkóhun.

Ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2021 fi èyí hàn ju gbogbo ìyókù lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, South Africa jíṣẹ́ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé pé àwọn onímọ̀ òun rí irú kòkòrò Kòrónà tuntun kan, èyí tí wọ́n wá sọ ní Omicron. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Wọ́n yára, wọn kò sì fi nǹkan kan pamọ́. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó fi ti ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú mọ́ gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà náà jẹ nínú rẹ̀, nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ wa kún ìwé pupa rẹ̀, ìyẹn ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tó dí ọ̀nà mọ́, ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá rí i pé kòkòrò kan náà ti wà nínú ohun tí wọ́n gbà lára àwọn ènìyàn fún àyẹ̀wò ní Netherlands ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá, ṣáájú ìkéde South Africa. Kò sí ẹni tó ti ẹnubodè mọ́ Netherlands nítorí ìyẹn.

Bí mo bá jẹ́ mínísítà ní orílẹ̀-èdè tálákà kan, tí dókítà kan wá sọ fún mi ní alẹ́ pé òun rí onígbáméjì ní ìlú etí òkun, kí ni n óò kọ́kọ́ rò? Mo fẹ́ gbàgbọ́ pé àwọn aláìsàn ni n óò kọ́kọ́ rò. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹja, ẹran, òdòdó àti àwọn arìnrìn-àjò yóò wá sí mi lọ́kàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ ìjọba ló ti wà ní ipò yẹn, tí wọ́n sì kọ "ìgbẹ́ gbuuru" sínú ìwé fún ohun tí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀ pé onígbáméjì ni. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn, nítorí pé ẹni tí wọn kò bá kìlọ̀ fún yóò mu omi tí kò yẹ kó mu. Ṣùgbọ́n ọjà ló kọ́ wọn ní ìwà yìí, ọjà ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe.

Títi ẹnubodè kì í tilẹ̀ dá àrùn dúró bí àwọn olóṣèlú ṣe máa ń sọ. Àwa tí a mọ ààlà Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìjọba wa ti ti ẹnubodè láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 nítorí ìrẹsì tí wọ́n ń kó wọlé, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, èyí túmọ̀ sí pé Kòrónà bá a ní títì. Ṣé òwò dúró? Fàyàwọ́ gba ìjọba. Àwọn ọlọ́kadà ń gba inú igbó Ìpókíá àti Ìmẹ̀kọ kọjá lóru, wọ́n di àpò mọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì ń san owó lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ní Sẹ̀mẹ̀, bí ẹnubodè bá ṣí, òṣìṣẹ́ ìlera lè dúró, ó lè wo ara ènìyàn bóyá ó gbóná, ó lè béèrè ibi tó ti ń bọ̀, ó sì lè kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Nínú igbó, kò sí ẹni tí yóò béèrè ohunkóhun, bí àìsàn bá sì bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ìwé tí wọn yóò fi tọpa ẹni tó kọjá. Ní Malaba, láàárín Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, wọn kò ti ọ̀nà mọ́ ẹrù lọ́dún 2020, ṣùgbọ́n gbogbo awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò, èsì kò sì tètè jáde. Ọkọ̀ àjàgbé tò sójú ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, àwọn awakọ̀ ń sùn, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń ṣùgbẹ́ ní ibi kan náà, tí àwọn ará ìlú ń pè wọ́n ní alárùn. Àyẹ̀wò dára, àyẹ̀wò tí kò ní irinṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ tó tó ti di títì mìíràn.

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣọ́ra. Àwọn àrùn kan wà tí ọjà fúnra rẹ̀ lè gbé kiri. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, ibà Rift Valley bẹ́ sílẹ̀ ní Jizan ní Saudi Arébíà àti ní Yẹ́mẹ̀nì, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò rí i lóde Áfíríkà. Àrùn ẹran ọ̀sìn ni, ó sì ń pa ènìyàn. Saudi Arébíà ní òun kò gba ẹran láti Ìwo Áfíríkà, ìyẹn Sòmálíà àti àwọn ilẹ̀ tó yí i ká, mọ́, ẹ̀rù tó bà á sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìfòfindè náà dúró títí di oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Èbúté Berbera, tí wọ́n ń ti ibẹ̀ kó àgùntàn àti ewúrẹ́ tó tó mílíọ̀nù mélòó kan lọ́dún lọ fún Hajj àti fún ọdún Iléyá, fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fin-ín fin-ín, àwọn darandaran Sòmálíà sì ń tà fún alágbàtà ní iye tó bá wù ú. Ohun tó wá ṣí ọ̀nà ni ọgbà ìsémọ́ ẹran, tí wọ́n kọ́ sí Djibouti, lẹ́yìn náà sí Berbera, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹran wò, tí èyí tó yè sì ń gba ìwé kí ó tó wọ ọkọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi retí ohun tí a lè kọ́ láàárín oṣù díẹ̀ bí owó bá wà.

Ọ̀rọ̀ owó náà ni mo fẹ́ fà gùn díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn Ebola, ní ọdún 2017, Báńkì Àgbáyé dá àpò pàjáwìrì kan sílẹ̀ fún àjàkálẹ̀-àrùn, lára rẹ̀ sì ni ìbánigbófò tí àwọn olówó ilẹ̀ òkèèrè fi owó sí, tí wọ́n sì ń gba èlé lórí rẹ̀. Ní ọdún 2018, Ebola bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Kóńgò, ó sì pa ohun tó lé ní 2,000 ènìyàn kí ó tó parí ní ọdún 2020. Ìbánigbófò náà kò san kọ́bọ̀, nítorí pé òfin rẹ̀ ní ó gbọ́dọ̀ pa ènìyàn 20 ní orílẹ̀-èdè kejì kí owó tó jáde. Kóńgò àti Ùgáńdà ti sapá tó bẹ́ẹ̀ tí àrùn náà kò fi ráyè pa ènìyàn tó iye yẹn ní orílẹ̀-èdè kejì. Nígbà tí Kòrónà dé, àpò náà san bí 196 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n pín in fún orílẹ̀-èdè 64, wọn kò sì tún un dá mọ́. Gbogbo ètò yìí wà fún owó ìtọ́jú aláìsàn. Kò sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ fún àgbẹ̀ pòtétò ní Timbi Madina.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n sọ ohun tí n fẹ́ níwájú àwọn mínísítà ECOWAS, n kò ní béèrè ohun tó pọ̀. Kí wọ́n jókòó nísinsìnyí tí kò sí àrùn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, irú ẹrù tí kò gbọdọ̀ dúró lẹ́nu ibodè kankan nígbà àjàkálẹ̀-àrùn, bí wọn yóò ṣe pààrọ̀ awakọ̀ ní ààlà tí ẹrù yóò sì máa lọ, ẹni tí yóò san owó àyẹ̀wò, àti ibi tí àwọn ọlọ́jà wẹ́wẹ́ yóò ti máa pàdé lábẹ́ ojú òṣìṣẹ́ ìlera dípò kí wọ́n ti ọjà pa. Kí orílẹ̀-èdè tó bá kéde àrùn láàárín ọjọ́ mélòó kan tó rí i ní ẹ̀tọ́ sí owó láti inú àpò kan tí gbogbo wọn ń dá sí, kí owó náà sì dé ọwọ́ àwọn tí ọjà wọn bàjẹ́, kí ó má dúró sí àpò ìjọba. Ẹnubodè àjùmọ̀ní tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ ṣí ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ti ní ilé, ó ní ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọlé àti èyí tó ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò.